Edward Jenner, ẹni tí ó fi iléròrò màlúù lé ìgbóná lọ

Lónìí a óò ka ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí kò dé ilẹ̀ wa rí, ṣùgbọ́n tí àmì iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ wo apá àwọn àgbà ilé yín, àwọn tí a bí kí ó tó di ọdún 1975. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ẹ óò rí àpá róbótó kan tí ó jin díẹ̀, bí ibi tí a fi ìka tẹ̀ lára amọ̀ tútù. Àpá abẹ́rẹ́ ìgbóná ni. Ẹni tí ó kọ́ gbogbo ayé ní ọgbọ́n abẹ́rẹ́ náà ni Edward Jenner, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A bí i ní ọdún 1749. Ó kú ní ọdún 1823.

Ìdí mìíràn tún wà tí a fi yan ìtàn yìí. Bí a bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ibi tí a gún bá wú, tàbí tí iléròrò bá yọ níbẹ̀, ẹ̀rù a máa bà wá. Iléròrò ni awọ ara tí ó wú sókè tí omi sì wà nínú rẹ̀, bí èyí tí máa ń yọ nígbà tí omi gbígbóná bá dà sí wa lára. Àwọn òbí kan a tìtorí rẹ̀ kọ abẹ́rẹ́ fún ọmọ wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìtàn iléròrò ni ìtàn Jenner. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

1. Àrùn tí a kì í dárúkọ

Àwọn ọmọdé òde òní kò mọ ìgbóná. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n. Òun náà ni ṣọ̀pọ̀nná. Láyé àtijọ́ ẹnu kì í ya láti pe orúkọ yìí ní gbangba. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀gbóná. Àwọn Fọ̀n tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa ń pè é ní Sàkpátá.

Ara ẹni tí ìgbóná bá mú yóò kọ́kọ́ gbóná. Orí yóò máa fọ́ ọ, ẹ̀yìn yóò máa ro ó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, iléròrò yóò yọ lójú, lẹ́nu, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Omi inú rẹ̀ yóò di ọyún. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá mú, bí mẹ́ta ni í máa kú. Ojú ẹni tí kò bá kú a di kòtò kòtò. Ojú ẹlòmíràn a fọ́ pátápátá.

Ìgbóná kò mọ tálákà, kò sì mọ ọba. Òun ni ó pa Mary, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1694. Òun ni ó pa Louis kẹẹ̀ẹ́dógún, ọba ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1774. Ohun kan ṣoṣo ni ó ṣe ènìyàn ní àǹfààní nínú rẹ̀: ẹni tí ó bá ti mú tí kò pa, kì í sábà mú un mọ́.

2. Ọmọ òrukàn ní Berkeley

Berkeley jẹ́ ìlú kékeré ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ àgbẹ̀ àti ilẹ̀ màlúù ni. Níbẹ̀ ni a bí Edward Jenner sí, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1749. Bàbá rẹ̀ ni àlùfáà ìjọ ìlú náà. Ọmọ mẹ́sàn-án ni ìyá rẹ̀ bí, Edward sì ni ìkẹjọ. Ní ọdún 1754, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ náà sì kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà.

Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n mú un lọ sín gbẹ́rẹ́ ìgbóná. Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé gbẹ́rẹ́ yìí, nítorí pé yóò ràn wá lọ́wọ́ níwájú. Wọ́n á mú ọyún lára ẹni tí ìgbóná ń bá jà. Wọ́n á fi abẹ ya awọ ẹni tí ara rẹ̀ dá, wọ́n á sì fi ọyún náà sí ojú rẹ̀. Ìgbóná yóò mú ẹni náà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kì í le tó èyí tí ó bá wá fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti tán, ìgbóná kò tún ní mú un mọ́.

Kì í ṣe àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ọgbọ́n yìí. Wọ́n ti ń ṣe é ní Ṣáínà, ní Íńdíà, ní Tọ́kì, àti níhìn-ín ní Áfíríkà. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ẹrú kan wà tí wọ́n kó láti Áfíríkà, tí wọ́n sọ ní Onesimus. Òun ni ó ṣàlàyé fún olówó rẹ̀ pé wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fún òun ní ìlú òun. Nígbà tí ìgbóná wọ Boston ní ọdún 1721, dókítà kan lo ọgbọ́n náà, ó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là.

Ṣùgbọ́n gbẹ́rẹ́ yìí ní ewu. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n bá sín, bí méjì lè tipa rẹ̀ kú. Ẹni tí wọ́n sín sì lè kó ìgbóná gidi ran àwọn ará ilé rẹ̀. Ní ti Edward, kí wọ́n tó sín in, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n fi ebi pa á, wọ́n sì fún un ní oògùn ìyàgbẹ́. Wọ́n wá kó òun àti àwọn ọmọ mìíràn sí ilé ẹṣin títí gbẹ́rẹ́ fi jinná. Kò kú, ṣùgbọ́n ó rù kan egungun. Ìyà náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi di àgbà.

3. Ẹni tí ó ń wo nǹkan fínnífínní

Nígbà tí Edward tó bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n fi í sí ẹnu iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn kan, bí a ti ń fi ọmọ sí ẹnu iṣẹ́ télọ̀ tàbí káfíńtà nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1770 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ sí i. Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ ni John Hunter, oníṣègùn tí òkìkí rẹ̀ kàn. Hunter kọ́ ọ pé kí ó má máa jókòó ro nǹkan lásán, kí ó dán an wò, kí ó sì fi sùúrù wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Edward kò gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí ó parí, kò dúró ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà sí Berkeley láti máa tọ́jú àwọn ará ìlú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ bí ó ti máa ń wo nǹkan. Ẹyẹ kan wà ní ilẹ̀ wọn tí í yé ẹyin rẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn. Bí ọmọ ẹyẹ náà bá ti jáde, wọn a rí i pé àwọn ọmọ onílé ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti kú. Ta ni ó tì wọ́n? Jenner lọ ń ṣọ́ ìtẹ́ wọn. Ó rí i pé ọmọ ẹyẹ àlejò náà ni, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ojú rẹ̀ kò tíì là. Òun ni ó ń fi ẹ̀yìn gbé àwọn ọmọ onílé jù síta. Jenner kọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 1788. Ní ọdún 1789, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń jẹ́ Royal Society, gbà á wọlé. Ọdún 1788 náà ni ó fẹ́ Catherine Kingscote. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta.

4. Ohun tí àwọn tí ń fún wàrà mọ̀

Ní Berkeley, àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n sábà máa ń fún wàrà màlúù, bí àwọn obìnrin Fúlàní ti ń ṣe ní àgọ́ wọn nílẹ̀ wa. Nígbà mìíràn iléròrò a máa yọ sí ọmú màlúù. Ìgbóná màlúù ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ní ọgbẹ́ bá fún wàrà irú màlúù bẹ́ẹ̀, iléròrò yóò yọ sí òun náà lọ́wọ́. Ara rẹ̀ lè gbóná, abíyá rẹ̀ lè wú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti tán. Kì í pa ènìyàn.

Àwọn àgbẹ̀ sì ń sọ láàárín ara wọn pé ẹni tí ìgbóná màlúù bá ti mú, ìgbóná ènìyàn kì í mú un. Ọ̀pọ̀ dókítà ka ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀rọ̀ ará oko. Àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Benjamin Jesty gbà á gbọ́. Ní ọdún 1774, nígbà tí ìgbóná wọ àdúgbò rẹ̀, ó mú omi iléròrò lára màlúù, ó sì fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ ha á sí apá ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì. Ìgbóná kò mú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò bú u, kò sì kọ ohun tí ó ṣe sínú ìwé.

Níbí ni Jenner ti yàtọ̀. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ gbọ́, òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò mọ ìwé, kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó kọ ọdún tí ìgbóná màlúù mú wọn, ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìgbóná ènìyàn dé. Lẹ́yìn náà ó dán an wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé nísinsìnyí, ẹ ṣàkíyèsí èyí. Ọgbọ́n tí a kò kọ sílẹ̀ lè bá olówó rẹ̀ lọ. Èyí tí a kọ sílẹ̀ ni ó dé ọ̀dọ̀ wa.

5. Ọmọ ọdún mẹ́jọ

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1796, ọmọbìnrin kan tí ń fún wàrà, tí ń jẹ́ Sarah Nelmes, wá sọ́dọ̀ Jenner. Ẹ̀gún ti ha á lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Iléròrò ìgbóná màlúù sì yọ sí ojú ibẹ̀. Màlúù tí ó ti kó o ń jẹ́ Blossom.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, Jenner mú omi inú iléròrò ọwọ́ Sarah. Ó ya awọ apá ọmọkùnrin kan ní ibi méjì, kò jìn, ó sì fi omi náà sí i. James Phipps ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Tálákà ni bàbá rẹ̀, ó ń bá Jenner ṣiṣẹ́ nínú ọgbà.

Ní ọjọ́ keje, abíyá bẹ̀rẹ̀ sí dun James. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òtútù mú un díẹ̀, kò fẹ́ jẹun, orí sì fọ́ ọ díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ ti dá. Iléròrò tí ó yọ sí ojú gbẹ́rẹ́ náà gbẹ, ó di èépá.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, Jenner ṣe èyí tí ó lẹ́rù jù. Ó mú ọyún ìgbóná gidi, ó sín in sí James lára, bí wọ́n ti sín in sí òun náà lára nígbà èwe. Ìgbóná kò mú ọmọ náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó tún un ṣe. Síbẹ̀ kò mú un.

Ẹ̀yin òbí lè béèrè pé, bí ọmọ náà bá kú ńkọ́? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Lónìí, òfin kò gba kí dókítà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán oògùn wò lára ẹranko. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé gbogbo ewu fún ẹni tí wọ́n fẹ́ lò ó fún, tàbí fún òbí rẹ̀, kí ó sì gbà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé gbẹ́rẹ́ ìgbóná gidi ni wọ́n ń sín fún àwọn ọmọdé ní ayé náà. Ohun tuntun tí Jenner mú wá ni gbẹ́rẹ́ màlúù tí ó ṣáájú. Òun ni ó dáàbò bo James.

6. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́

Jenner kọ ohun tí ó rí, ó fi ránṣẹ́ sí Royal Society ní ọdún 1797. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Kò bínú jókòó. Ó dúró de ìgbà tí ìgbóná màlúù tún yọ, ó sì sín àwọn ọmọ mìíràn ní ọdún 1798. Robert ọmọ tirẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mọ́kànlá, wà nínú wọn. Ti Robert kò mú, Jenner sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kò fi pamọ́. Ní ọdún náà ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ìtàn aláìsàn mẹ́tàlélógún ni ó wà nínú rẹ̀.

Nínú èdè Látìn, vacca ni wọ́n ń pe màlúù. Inú rẹ̀ ni a ti rí ọ̀rọ̀ vaccin tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Inú rẹ̀ náà ni vache ti wá, tí ó jẹ́ abo màlúù lédè Faransé. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá ti dárúkọ vaccin, ó ti dárúkọ màlúù, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Àwọn ènìyàn kan bẹ̀rù. Wọ́n ní kò tọ́ kí á fi ohun tí ó ti ara ẹranko wá sí ara ènìyàn. Ní ọdún 1802, ayàwòrán kan ya àwòrán yẹ̀yẹ́: àwọn ènìyàn gba gbẹ́rẹ́, màlúù kéékèèké sì ń hù jáde ní imú, ní apá àti ní ìdí wọn. Àwọn dókítà tí gbẹ́rẹ́ àtijọ́ ń mú owó wọlé fún náà kò fẹ́ gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí ó le jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1799. Dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Woodville, fi ìgbóná màlúù sín gbẹ́rẹ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, iléròrò kò dúró sí ojú gbẹ́rẹ́ nìkan. Ó yọ káàkiri ara. Àwọn tí kò fẹ́ Jenner yọ̀. Jenner kò sẹ́ pé iléròrò náà yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdí rẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ìgbóná ni Woodville ti ń ṣiṣẹ́. Jenner wí pé ìgbóná ènìyàn ni ó ti dà pọ̀ mọ́ ti màlúù níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé òótọ́ ni ó sọ.

Jenner náà ṣe àṣìṣe. Ó rò pé gbẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yóò dáàbò bo ènìyàn títí ọjọ́ ikú. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e rí i pé agbára rẹ̀ a máa dín kù bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, pé ó yẹ kí á tún un gbà. Ní ayé náà sì ni wọ́n ń mú omi iléròrò láti apá ọmọ kan sí apá ọmọ mìíràn. Ní Rivalta ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọdún 1861, ọ̀pọ̀ ọmọdé tipa bẹ́ẹ̀ kó àrùn sífílísì. Nítorí irú èyí ni wọ́n fi pa àṣà náà tì, tí wọ́n sì ń mú oògùn náà láti ara ọmọ màlúù.

7. Òkìkí, ìbànújẹ́ àti ikú

Láìpẹ́, ọgbọ́n Jenner tàn ká. Ní ọdún 1803, ọba ilẹ̀ Sípéènì rán ọkọ̀ ojú omi kan sí àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò sí yìnyín tàbí fíríìjì tí a lè fi tọ́jú oògùn nígbà náà. Nítorí náà wọ́n kó ọmọkùnrin òrukàn méjìlélógún sínú ọkọ̀. Wọ́n sín ti méjì. Bí iléròrò wọn bá pọ́n, wọ́n á mú omi rẹ̀ sín fún méjì mìíràn, títí wọ́n fi dé òkè òkun. Àwọn ọmọ tí kò ní òbí ni wọ́n gbé oògùn náà kọjá òkun lórí apá wọn.

Napoleon, ọba ilẹ̀ Faransé, ń bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jagun nígbà náà. Síbẹ̀ ó ní kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ náà fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ọdún 1805. Nígbà tí Jenner bẹ̀ ẹ́ nítorí àwọn ẹlẹ́wọ̀n Gẹ̀ẹ́sì kan, ó dá wọn sílẹ̀.

Jenner kò fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́ láti fi kó owó jọ. Lẹ́tà àti àlejò gba àkókò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ fi jó àjórẹ̀yìn. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní 10,000 pọ́n-ùn ní ọdún 1802, wọ́n sì tún fún un ní 20,000 pọ́n-ùn ní ọdún 1807. Nínú ọgbà rẹ̀ ní Berkeley, ahéré kékeré kan wà. Níbẹ̀ ni ó ti ń sín gbẹ́rẹ́ fún àwọn tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí James Phipps dàgbà tí ó sì gbéyàwó, Jenner fún un ní ilé tí yóò máa gbé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ìgbóná kò rí ọmọ tirẹ̀ gbà lọ́wọ́ ikọ́ ife, tí a tún ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Àrùn yìí pa Edward, àkọ́bí rẹ̀, ní ọdún 1810. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Ní ọdún 1815 ó pa Catherine ìyàwó rẹ̀. Ní ayé náà kò sí oògùn, kò sì sí abẹ́rẹ́ fún un. Lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀, Jenner kò fẹ́ràn láti máa jáde mọ́. Ó dúró sí Berkeley. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1823, àrùn rọpárọsẹ̀ pa á. Wọ́n sin ín sínú ṣọ́ọ̀ṣì Berkeley. James Phipps wà níbi ìsìnkú náà.

8. Bí ìgbóná ṣe tán láyé

Ní oṣù kìíní ọdún 1967, iṣẹ́ ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní ogún orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Tógò wà nínú wọn. Dahomey náà wà nínú wọn, èyí tí ó di Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1975. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ ìgbóná, wọ́n sì ń gún ti èéyi, tí wọ́n ń pè ní rougeole ní Faransé. Ní ọdún 1970 ìgbóná ti tán ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1977 ni ó mú ẹni ìkẹyìn tí ó kó o láàárín ìlú, ọkùnrin kan ní Sòmálíà. Ẹni náà kò kú. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán láyé.

Lẹ́yìn náà wọ́n dáwọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró fún gbogbo ènìyàn. Ẹ mọ ìdí rẹ̀? Abẹ́rẹ́ náà ní ewu díẹ̀ tirẹ̀. Lára ẹni tí ó ní àléfọ́, iléròrò rẹ̀ lè tàn ká, ó sì lè pa á. Nígbà tí ìgbóná ń pa mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ewu kékeré sàn ju ewu ńlá lọ. Nígbà tí ewu ńlá tán, kò sí ìdí láti máa ru ewu kékeré mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ń wọn ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́: wọn a gbé ewu méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà.

9. Iléròrò lẹ́yìn abẹ́rẹ́: ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀

Iléròrò kan kì í ṣe ìkejì. Ẹ jẹ́ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkínní ni èyí tí a ń retí. Wọ́n a máa gún ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ tí ń jẹ́ BCG. Àwọn ará Faransé méjì, Calmette àti Guérin, ni wọ́n ṣe é. Ọdún 1921 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ kan ní oògùn náà. Ikọ́ ife, àrùn tí ó pa ìyàwó àti ọmọ Jenner, ni ó ń dáàbò bo ọmọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kókó kékeré yóò yọ níbi tí wọ́n gún. Ó lè ṣe ọyún, kí ó di egbò kékeré, kí ó sì jinná fúnra rẹ̀. Yóò ku àpá. Ẹ má fi ewé tàbí ẹ̀rọ̀ kankan sí i. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó mọ́, kí ó sì gbẹ.

Èkejì yára. Bí ojú tàbí ètè bá wú láàárín ìṣẹ́jú tàbí wákàtí mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tí ara ń yún káàkiri, tí èémí kò sì já gaara, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ sáré padà sí ilé ìwòsàn. Nítorí èyí ni nọ́ọ̀sì fi ń ní kí ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ẹ̀kẹta ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Àrùn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní pemphigoid. Ní ọdún 1953 ni dókítà Walter Lever, ní Amẹ́ríkà, ya àrùn yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àrùn iléròrò mìíràn. Ẹ wo ògiri amọ̀ tí a rẹ́. Ohun kan ni ó mú kí ìrẹ́ náà lẹ̀ mọ́ ògiri. Bákan náà ni awọ òkè ara wa ṣe lẹ̀ mọ́ awọ ìsàlẹ̀. Nínú ara wa sì ni àwọn ọmọ ogun wà tí ń bá àrùn jà. Àwọn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ ní ogun jíjà. Nínú àrùn yìí, àwọn ọmọ ogun náà ṣìnà. Wọ́n rò pé ohun tí ó lẹ awọ méjèèjì pọ̀ jẹ́ ọ̀tá, wọ́n sì ń bá a jà. Awọ òkè a ṣí kúrò, omi a wọ àárín, iléròrò ńlá tí awọ rẹ̀ le a sì yọ. Ara a máa yún ẹni náà gidigidi, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí iléròrò tó yọ.

Àwọn arúgbó ni àrùn yìí sábà máa ń mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba abẹ́rẹ́ kankan kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti kọ ìròyìn àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ lára wọn láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, títí kan abẹ́rẹ́ àrùn kòrónà láti ọdún 2021. Pé ohun kan tẹ̀ lé èkejì kò fi hàn pé èkejì ni ó fà á. Àwọn dókítà kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, wọn kò sì fi pariwo. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń wá ìdí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Jenner ti ṣe ní ọdún 1799. Àrùn náà ní ìtọ́jú. Ìpara àti oògùn tí ń pẹ̀tù sí ìjà ara ni wọ́n ń lò fún un, ó sì lè gba oṣù púpọ̀.

Nítorí náà, bí iléròrò bá yọ káàkiri ara yín tàbí ara arúgbó ilé yín, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má dà oògùn olóró sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú ìwé tí wọ́n kọ abẹ́rẹ́ sí dání. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́, ẹ sọ oògùn gbogbo tí ẹ ń lò. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ rí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó gún abẹ́rẹ́ mìíràn. Ẹ má sì tìtorí iléròrò ẹnì kan kọ abẹ́rẹ́ fún gbogbo ọmọ ilé. Èéyi ṣì wà. Ikọ́ ife ṣì wà. Òbí tí ó mọ ìwé kà lè ka ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá.

Ìbéèrè

1. Ọdún mélòó ni Edward Jenner lò láyé?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín gbẹ́rẹ́ tí wọ́n sín fún Jenner nígbà èwe àti èyí tí òun sín fún James Phipps?
3. Kí ni Jenner ṣe tí Benjamin Jesty kò ṣe?
4. Kí ló fà á tí iléròrò fi bo ara àwọn tí Woodville sín gbẹ́rẹ́ fún?
5. Kí nìdí tí wọ́n fi dáwọ́ abẹ́rẹ́ ìgbóná dúró?
6. Ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ kan wá sí kíláàsì. Ẹ ka ọjọ́ abẹ́rẹ́ tí ó kàn.